Ìkòkò Oníhò: Bí A Ti Ń Tú Ọ̀rọ̀ Àfiwé Inú Ìtàn

  Inú kíláàsì wa ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ń ka ìwé kékeré kan lórí àwọn ọba Dàhòmì. Ó kan bàbá kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún láti kàwé. Ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ibi tí a kọ ọ̀rọ̀ Ọba Guezo sí. Ọba náà sọ pé bí gbogbo ọmọ ilẹ̀ bá lè wá fi ìka wọn dí àwọn ihò tí ó wà lára ìkòkò, ilẹ̀ náà yóò rí ìgbàlà. Bàbá kà á tán, ó gbé ojú sókè, ó ní: “Olùkọ́ wa, ṣé mo kà á dáadáa? Ta ní ń fi ìkòkò oníhò pọn omi? Kí ni kò jẹ́ kí ọba ra òmíràn?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rò ó, mo rí i pé ìbéèrè bàbá jinlẹ̀. Ó ti mọ lẹ́tà. Ó pe gbogbo ọ̀rọ̀ náà bí ó ti yẹ. Síbẹ̀, ohun tí ọba ń sọ kò tíì yé e. Ẹni tí ó mọ ìwé kà, tí kò mọ ọ̀rọ̀ tú, ó dà bí ẹni tí ó dé ẹnu ọ̀nà ilé, tí kò wọlé.

Àwọn àgbà wa ní, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ àfiwé. Ẹni tí ó sọ ọ́ mú ìdajì wá, ẹni tí ó gbọ́ ọ ni yóò fi ìdajì kejì kún un. Gbogbo wa ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ìyàwó ilé bá ní ẹnu ọmọ òun mú bí abẹ, kò sí ẹni tí yóò lọ wo ẹnu ọmọ náà bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́. A kò rí ojú rẹ̀, a kò lè bi í léèrè. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni a óò bi ní ìbéèrè. Mẹ́ta ni mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wa:

Èkínní: Kí ni wọ́n fi wé kí ni?

Èkejì: Ta ni ó sọ ọ́, ta ni ó sọ ọ́ fún, nígbà wo sì ni?

Ẹ̀kẹta: Kí ni àfiwé náà kò sọ?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè mẹ́ta yìí wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta láti inú ìtàn ilẹ̀ wa.

Inú Dan

Láàárín ọdún 1600 sí 1700, ìdílé ọba kan ń gbilẹ̀ sí i ní agbègbè Àgbómẹ̀, ìlú tí àwọn Faransé ń kọ ní Abomey. Bí àwọn àgbà Fọ̀n ti ń pa ìtàn náà, olóyè kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Dan. Àlejò ni ìdílé ọba yìí jẹ́ lórí ilẹ̀ náà. Wọ́n tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ Dan, ó fún wọn. Wọ́n tún tọrọ, ó tún fún wọn. Nígbà tí ó yá, ọ̀rọ̀ náà sú u. Ó bi wọ́n bóyá inú ikùn òun gan-an ni wọ́n tún fẹ́ kọ́lé sí. Wọ́n bínú. Wọ́n pa Dan, wọ́n sin ín, wọ́n sì kọ́ ààfin lé e lórí. Wọ́n ní ibẹ̀ ni orúkọ Dàhòmì ti wá. Ní èdè Fọ̀n, ó túmọ̀ sí “inú ikùn Dan.”

Kí ni Dan fi wé kí ni? Ó fi ilẹ̀ rẹ̀ wé ara rẹ̀. Àsọdùn ni ọ̀rọ̀ náà. Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí í kọ́lé sínú ikùn ènìyàn. Ohun tí ó ń sọ ni pé, “Ìwọ̀ra yín ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá gba ilẹ̀ yìí tán, èmi fúnra mi ni ó kù.” Àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ kò ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó yé wọn yékéyéké. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni agbára wà, nítorí náà wọ́n mú àbọ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n sì fi idà parí rẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí. Ohun tí ọ̀rọ̀ àfiwé yóò dà kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ ọ́ nìkan. Ó tún wà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbọ́ ọ.

Iké Kétu

Ọ̀rọ̀ kejì wà nínú orúkọ ìlú Kétu fúnra rẹ̀. Ìtàn ìlú náà sọ pé nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, ọ̀rọ̀ abuké kan wọ inú ètùtù tí wọ́n ṣe. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan: Ta ní lè tú iké? Ta ní lè tú ìlú? Wọ́n ní inú ìbéèrè yìí ni a ti rí orúkọ Kétu.

Kí ni wọ́n fi wé kí ni? Wọ́n fi ìlú wé iké tí ó wà ní ẹ̀yìn abuké. Kò sí oníṣègùn tí yóò na iké kí ó tẹ́jú. Bákan náà, wọ́n ní, kò sí ọmọ ogun tí yóò tú ìlú yìí. Ẹ tún wò ó pé ìbéèrè ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí kò wá èsì ni. Bí ẹnìkan bá bi ọ́ pé, “Ṣé èmi ni ìwọ ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí?” kò fẹ́ kí o dáhùn. Ó fẹ́ kí o dákẹ́ ni. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ a máa fi ọkàn ará ilé balẹ̀, a sì máa halẹ̀ mọ́ ará òde.

Àwọn ará Kétu kò fi ọ̀rọ̀ nìkan ṣe odi. Wọ́n mọ odi ní tòótọ́, wọ́n wa yàrà jíjìn yí ìlú ká, wọ́n sì kọ́ ẹnubodè tí a ń pè ní Àkàbà Ìdènà, tí ó wà níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1886, nígbà tí Glele jẹ ọba ní Àgbómẹ̀, ogun Dàhòmì dó ti Kétu. Ebi mú àwọn ará ìlú. Ìlú bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá. Wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ ní ìgbèkùn, ilé sì di ahoro.

Ǹjẹ́ a lè sọ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà? Ta ní lè tú ìlú? Dàhòmì tú u! Níbi yìí ni ìbéèrè kẹta ti wúlò. Àfiwé náà kò sọ ohun tí “ìlú” jẹ́. Bí ìlú bá jẹ́ ilé àti odi, ó tú ní 1886. Bí ìlú bá jẹ́ àwọn ènìyàn àti orúkọ wọn, kò tú. Ogun Faransé wọ Àgbómẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1892. Lẹ́yìn èyí, àwọn ọmọ Kétu tí ó wà ní ìgbèkùn àti àwọn tí ó sá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Wọ́n tún ìlú kọ́, wọ́n sì tún fi Aláketu jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní òkè òkun pẹ̀lú. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí a ti kó ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa lọ ní ẹrú, orúkọ Kétu ṣì wà lẹ́nu àwọn tí ń bọ òrìṣà. Iké wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ìkòkò Guezo

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè bàbá. Ní Àgbómẹ̀, ọba kọ̀ọ̀kan ní àfiwé tirẹ̀. Glele pe ara rẹ̀ ní kìnnìún. Behanzin, ọmọ rẹ̀, pe ara rẹ̀ ní ẹja ńlá inú òkun tí í pa ènìyàn, nítorí ojú òkun ni àwọn ọ̀tá rẹ̀ ti ń bọ̀. Guezo, bàbá Glele, ní ẹfọ̀n, ó sì tún ní ìkòkò oníhò. Wọ́n ń ya àwọn àfiwé yìí sí ara ògiri ààfin, wọ́n ń rán wọn mọ́ aṣọ, wọ́n sì ń gbẹ́ wọn sí ara igi. Ní 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé kó lára wọn lọ sí ìlú wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, 26 nínú àwọn ohun tí wọ́n kó lọ náà padà dé Kútọnu. Ère igi tí a gbẹ́ fún Guezo, Glele àti Behanzin wà lára wọn. Ẹni tí kò mọ àfiwé tú, bí ó bá rí ọkùnrin onígi tí ara rẹ̀ jẹ́ ti ẹja, yóò kàn rò pé gbẹ́nàgbẹ́nà ń ṣeré ni.

Kí ni Guezo fi wé kí ni? Ìkòkò ni ìjọba. Omi inú rẹ̀ ni ọrọ̀ àti agbára ilẹ̀ náà. Ihò ni gbogbo ohun tí ń jẹ́ kí agbára náà ṣòfò. Ìka ni àwọn ènìyàn. Ìka kan kò lè dí ihò púpọ̀. Ìdí nìyí tí ọba kò fi ra ìkòkò mìíràn: orílẹ̀-èdè kì í ṣe ohun tí à ń rà lọ́jà. Èyí tí a bá jogún ni a óò tún ṣe. Nígbà tí mo sọ èyí fún bàbá, ó mi orí, ó ní, “Ó yé mi wàyí.”

Ta ni ó sọ ọ́, nígbà wo? Guezo jọba láti 1818 títí di 1858. Kì í ṣe ní ìrọ̀rùn ni ó fi gorí oyè. Ó gba ìjọba lọ́wọ́ Adandozan, ọba tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó gba oyè lọ́nà bẹ́ẹ̀ ní láti wá ọ̀rọ̀ tí yóò kó àwọn ènìyàn jọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, Dàhòmì ti ń sin Ọ̀yọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ń kó ẹrù ìsìn ránṣẹ́ sí Aláàfin. Ihò ńlá nìyẹn jẹ́ lójú àwọn Fọ̀n. Nígbà ayé Guezo, ní nǹkan bí ọdún 1823, wọ́n bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Nítorí náà, fún ọmọ Àgbómẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkòkò yìí kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó mú òmìnira wá fún wọn.

Kí ni àfiwé náà kò sọ? Ìyá kan tí ń mọ ìkòkò wà nínú kíláàsì wa. Kì í sábà sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ yẹn, ó ní: “Ẹ̀yin ọkùnrin kò mọ ìkòkò. Ìkòkò oníhò wà, ajere ni à ń pè é, èmi náà ń mọ ọ́n. A mọ ajere kí omi lè jáde níbẹ̀ ni. Bí ẹ bá ní dandan kí ó gba omi dúró, ìka kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀ láé. Ẹni tí ìka rẹ̀ wà lára ìkòkò, ọwọ́ wo ni yóò fi di ọkọ́ mú? Ta ni yóò sì bu omi náà mu?”

Kíláàsì dákẹ́. Èmi olùkọ́ kò ronú dé ibẹ̀ rí.

Ta ni ó bu omi náà mu? Ìjọba Guezo jẹ́ ìjọba ogun. Ogun ń lọ, wọ́n ń kó ènìyàn wá. Wọ́n ta àwọn kan ní Ouidah fún àwọn tí ń kó ẹrú lọ sí òkè òkun, wọ́n sì fi àwọn mìíràn ṣiṣẹ́ nínú oko ọ̀pẹ. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n ń kó. Ní oṣù kẹta ọdún 1851, Guezo kó ogun lọ bá Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì lé e padà. Nígbà tí ọba sọ pé “gbogbo ọmọ ilẹ̀,” àwọn ọmọ Kétu àti ọmọ Ẹ̀gbá kò sí nínú “gbogbo” yẹn. A kò pe ìka wọn. Àwọn ni omi tí wọ́n ń pọn sínú ìkòkò.

Mi ò sọ èyí kí a lè dá ìjà àtijọ́ sílẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ Fọ̀n àti ọmọ Yorùbá ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń ná ọjà kan náà, ọmọ wọn ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé ìwé. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ orin ayọ̀ ní ilé kan, kí ó sì jẹ́ ìró ogun ní ilé kejì. Ẹni tí yóò tú ọ̀rọ̀ inú ìtàn ní láti béèrè ibi tí òun ìbá dúró sí ní ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ a máa yí ilé padà

Àwọn Faransé kó Kétu, Sábẹ, Àjàṣẹ́, ilẹ̀ àwọn Bàrìbá àti Àgbómẹ̀ pọ̀, wọ́n sì pe gbogbo rẹ̀ ní Dàhòmì. Orúkọ yìí náà ni a gba òmìnira pẹ̀lú ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960. Ẹ rò ó wò: ọmọ Kétu tí Dàhòmì tú ìlú rẹ̀ wá ń jẹ́ ọmọ “inú ikùn Dan.” Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975, ìjọba Mathieu Kérékou yí orúkọ náà padà sí Bẹ̀nẹ̀. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé orúkọ ìjọba kan ṣoṣo ni Dàhòmì, ṣùgbọ́n ẹ̀yà púpọ̀ ni ó wà nínú orílẹ̀-èdè yìí.

Orúkọ yí padà, ṣùgbọ́n ìkòkò kò lọ. Àwọn olórí wa ń fi í pe gbogbo ènìyàn sí ìṣọ̀kan. Ǹjẹ́ kò yẹ kí ọmọ Kétu kọ̀ ọ́? Lójú tèmi, kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń sọ ọ́ ti yàtọ̀. Àwọn tí a ń sọ ọ́ fún ti yàtọ̀. “Gbogbo ọmọ ilẹ̀” ti wá fẹ̀ ju bí ó ti wà ní ayé Guezo lọ, ìka tiwa sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá amọ̀kòkò kò yí padà. A óò máa béèrè rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní kí a mú ìka wá.

Mo ti rí èso ìbéèrè yìí. Kò pẹ́ lẹ́yìn kíláàsì yẹn, ọkùnrin kan wá bá wa ṣe ìpàdé lórí owó ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn. Ó ní ilé kan ni gbogbo wa, ìyá kan ni ó bí wa, nítorí náà kí olúkúlùkù tún mú owó wá. Àwọn ènìyàn ti ń pàtẹ́wọ́. Bàbá wa yẹn dìde. Ó ní: “Ọmọ mi, o ṣeun. O fi ẹgbẹ́ wé ilé, ó dára. Nínú ilé tèmi, ìyàwó mi mọ iye tí ó wà nínú àpò. Èló ni ó wà nínú àpò ẹgbẹ́?” Ọkùnrin náà kò mú ìwé owó lọ́wọ́. A ní kí ó lọ mú un wá. Ní ọjọ́ ọjà kejì, ó mú un wá, bàbá sì fi ìka tọ òǹkà náà lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lójú gbogbo wa, kí ẹnikẹ́ni tó san owó.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

1. Nínú ọ̀rọ̀ Dan, kí ni a fi wé kí ni? Kí ni Dan ń sọ ní tòótọ́?

2. Ta ní lè tú ìlú? Kí ni ẹ̀yin pè ní “ìlú”?

3. Ẹ wá òwe kan tí wọ́n ń pa ní ìlú yín. Ta ni ó sábà máa ń pa á? Ta ni wọ́n ń pa á fún? Kí ni òwe náà kò sọ?

Kí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, kí ẹ sì kà á sókè fún àwọn tí kò tíì mọ̀wé. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ire o.